Ilé Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

"Ṣé ìwọ ni ìyá mi ni, tí o fi ń bi mí ní irú omi tí mò ń mu?"

Ká sọ pé ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì Mẹkáníìkì nìkan ló yọ síta. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó dúró níwájú ẹsẹ̀ náà fún fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú, sà. Ilé ìwé ló rán mi."

"Lọ sọ fún ilé ìwé pé òjò ni mò ń mu."

Spánà kan bọ́ sílẹ̀, gbàgà! Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ìbákà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà. Ẹyẹ tí kì í dákẹ́ ni ìbákà, ọmọ yìí náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bó ń fọ abọ́, orin ni. Bó ń gbálẹ̀, orin ni. Kódà bó ń lọ ṣe ìdánwò, orin ni yóò máa kọ wọ gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Ilé mẹ́sàn-án péré ló ti dé. Ọgbọ̀n ilé ló yẹ kó dé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì gba ìwé náà.

Tíṣà Báwo-Lo-Ṣe-Mọ̀ ló gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí o lè sọ tí kò ní fi gbólóhùn yẹn dá ọ lóhùn. O ní, "Sà, òjò ń bọ̀," yóò ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" O ní, "Sà, ebi ń pa mí," yóò wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí nípa ìgbé ayé àti ìwà ọmọ ènìyàn ló ń kọ́ wọn.

"Ẹni tó ń wádìí òkúta, òkúta kò ní parọ́ fún un," ló máa ń wí. "Ṣùgbọ́n ojú máa ń ti ènìyàn. Ẹ̀rù máa ń bà á. Ó sì ń fẹ́ kí ẹni tó ń bi í léèrè rí i bí ọmọlúàbí. Nítorí náà, ẹ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ohun tí ẹnu bá sọ ni kí ẹ kọ. Bí ẹnu ò bá sọ nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pé ẹnu ò sọ nǹkan kan."

Ilé iṣẹ́ omi ló ní kí ilé ìwé ran àwọn lọ́wọ́. Àdúgbò mẹ́fà ni kò ní omi ẹ̀rọ, wọ́n sì fẹ́ mọ èyí tí ìyà omi ń jẹ jù, kí wọ́n lè kọ́kọ́ fa páìpù débẹ̀. Àdúgbò Ìbákà wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun náà ni wọ́n sì yan síbẹ̀. Ọgọ́ta ilé ló wà níbẹ̀. Tíṣà kọ nọ́ńbà ọgọ́ta sínú bébà wẹ́wẹ́, ó dà wọ́n sínú abọ́, ó ní kí Ìbákà dijú kó mú ọgbọ̀n.

"Bí a bá fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, a kì í mu gbogbo ìkòkò tán," ni Tíṣà wí. "Ṣíbí kan ti tó, bí a bá ti rò ó pọ̀ dáadáa. Ilé tí ọwọ́ rẹ bá mú ni ilé rẹ. O ò gbọdọ̀ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀."

Ìwé tó bá dára jù ni yóò sọ ẹni tó máa ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje àwọn ìlú. Ìbákà fẹ́ ipò yẹn bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìránṣọ ni ìyá rẹ̀ ń lọ láti òwúrọ̀, ó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn ilé ìwòsàn, kì í sì í dé kí oòrùn tó wọ̀. Ìbákà ló ń mójú tó Kékeré, àbúrò rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin. Bí wọ́n bá dé ilé méjì, Kékeré á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ní ẹsẹ̀ òun ti kú. Orin kan ṣoṣo ló ń gbé e dìde. Ìbákà á dá a, Kékeré á gbè é:

"Ta ló wà nílé o?"
"Èmi ni, èmi ni."
"Ṣé o ti jẹun yó?"
"Mo ti yó, mo ti yó."

Bó bá ti gbè é tán, á dìde, á tún máa wọ́ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Kànga kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wọn, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, omi rẹ̀ sì máa ń pọ́n lẹ́yìn òjò. Ojú ń ti Ìbákà. Ìbéèrè tí Tíṣà kọ sínú fọ́ọ̀mù ni, "Níbo ni ẹ ti rí omi tí ẹ mu lánàá?" Ìbákà yí i padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń bi wọ́n ni, "Ẹ kì í mu omi kànga yẹn, àbí?"

Nínú ilé mẹ́sàn-án, Mẹkáníìkì kọ̀, méje dáhùn pé, "Rárá o, àwa kẹ̀?" Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan ló gbé ọwọ́ kúrò nínú ọṣẹ, tó rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo wá ń mu, ọmọ mi? Ìrì?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Ìwádìí tirẹ̀ kò kan omi. Wákàtí tí àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ rédíò ni wọ́n ní kó lọ bi wọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀, ó bá Ìbákà níbi tó fi orí lé tábìlì.

"Tèmi ti parí láti ọjọ́ Ajé," ni Kíákíá wí.

"O dé ọgbọ̀n ilé lọ́jọ́ kan?"

"Ta ló dé ibì kankan? Abẹ́ fáànù ni mo jókòó sí. Báírò mẹ́ta ni mo lò, kó má baà jọra. Mo fi ọwọ́ òsì kọ díẹ̀, àwọn yẹn ni àgbàlagbà."

Ìbákà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa lọ yẹ ilé ẹni ẹlẹ́ni wò nítorí rédíò? Ṣe é jàre. Orí ló ń dáàbò bo ọlọ́gbọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ọ̀sán yẹn náà ni Ìbákà ṣe é. Kékeré sùn lórí ẹní, òun jókòó tì í, ó fi orin sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, ó ń kọ. Irọ́ dùn kọ ju òtítọ́ lọ: kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, kì í bú ọ láti abẹ́ ọkọ̀. Bí ojú ṣe ń tì í nítorí kànga, ó kó gbogbo àdúgbò kúrò nídìí rẹ̀. Ilé kejìlá, ènìyàn márùn-ún, omi ẹ̀rọ láti àdúgbò kejì. Ilé nọ́ńbà ogún, wọ́n ń se omi kí wọ́n tó mu ún. Ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ènìyàn mẹ́fà, omi ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kò tilẹ̀ mọ ibi tí ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n wà. Ta ló ń fi nọ́ńbà mọ ilé ní àdúgbò wọn? Ilé Mẹkáníìkì ni, ilé Alágbàfọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà yẹ ìwé náà wò, ó ní ó mọ́ tónítóní.

"Gbogbo ọgbọ̀n ló dáhùn? Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo bi wọ́n, sà," ni Ìbákà wí, ojú rẹ̀ kò sì wá sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n lẹ ìwé ilé iṣẹ́ omi mọ́ ara pátákó. Wọ́n to àdúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀léra. Àdúgbò Ìbákà ló kẹ́yìn. Nínú ìwé, kò sí ìyà omi níbẹ̀ rárá. Wọ́n lè dúró fún ọdún mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀, Tíṣà lẹ orúkọ ẹni tí yóò lọ fún ìdíje: Ìbákà ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Kíákíá fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ni mo wí?"

Nígbà tó délé, Kékeré wà lórí ẹní, ó ti ṣu sára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tó ìgbà mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wọ inú, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Ìyá wọn kò lọ síbi iṣẹ́. Ó pọ̀n ọ́n, wọ́n sáré lọ sílé ìwòsàn.

"Irú omi wo ni ọmọ yìí ń mu?" ni Nọ́ọ̀sì bèèrè.

Ìyá Ìbákà wo ilẹ̀. "Omi gidi ni, mà."

Ìbákà gbọ́ ọ. Ohùn tí ilé méje yẹn fi dá a lóhùn gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó fi ọwọ́ kan ikùn Kékeré, ó tún bèèrè jẹ́jẹ́, "Ta ló pọnmi lánàá, Màmá? Níbo ló ti pọn ọ́n?"

"Èmi ni. Kànga ni," ni ìyá náà wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Ọmọ kẹrìnlá tí wọ́n gbé wá láti àdúgbò yín lóṣù yìí rèé. Mi ò mọ ohun tí àwọn olómi ń dúró dè."

Wọ́n fún Kékeré ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rọ omi iyọ̀ òun ṣúgà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń bì í jáde. Ìbákà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí: "Ta ló wà nílé o?" Kékeré kò gbè é. Ó tún dá a. Ojú ọmọ náà là, ó wo òrùlé, kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbákà dá orin yẹn nígbà méje. Kò sí ẹni tó dáhùn.

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ ìwé irọ́ náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn yí ojú sí ògiri. Ìbá nà án, ìbá sàn.

Ní Ọjọ́rú, ó dúró níwájú tábìlì Tíṣà.

"Sà, ìyà omi ń jẹ wá ní àdúgbò wa."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Àbúrò mi ń kú lọ, sà. Ìwé tí mo kọ, mi ò mọ̀ ọ́n. Ilé mẹ́sàn-án ni mo dé, mo sì fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Mọ́kànlélógún tó kù, èmi ni mo kọ ọ́."

Tíṣà jókòó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì nù ún pẹ́.

"Aago méjìlá ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò fọwọ́ sí ètò náà," ló wí níkẹyìn. "Mo ti yọ orúkọ rẹ nínú ìdíje. Má dúpẹ́, má sì bẹ̀ mí. Gba fọ́ọ̀mù tuntun. Ọgbọ̀n ilé yẹn náà ni, kì í ṣe òmíràn. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ bá ọ lọ. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí o tó bèèrè ohunkóhun, sọ ohun tí o ṣe fún wọn. Ìwọ náà ni yóò gbé e lọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi."

"Bí kò bá gbà á ńkọ́, sà?"

"Ẹni tó ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò lè bínú sí ẹni tí kò gbà á gbọ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ ló bá a lọ. Ó da aṣọ oníbàárà sínú omi, ó so gèlè mọ́ ìdí, ó ní, "Ẹ̀gbin aṣọ kì í kúrò nípa kíká a pamọ́. Ó yá, ká lọ fọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ojú rí nǹkan lọ́jọ́ méjì yẹn. Ní ilé kejìlá, obìnrin kan fi ọwọ́ lé ìdí.

"O kọ ọ́ pé mò ń mu omi ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ wo? Àbí ojú oorun ni ẹ̀rọ náà ti wá bá mi?"

"Irọ́ ni mo pa, mà. Ẹ dárí jì mí. Ta ló pọnmi nílé yìí lánàá, níbo ló ti pọn ọ́n?"

Obìnrin náà fẹ́ tún bú u. Ó wo ojú ọmọ náà, ó sì jáwọ́. "Ọmọ mi ọkùnrin ni. Kànga. Ó ti tó ìgbà méjì tó ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Kọ ọ́."

Ní ilé nọ́ńbà ogún, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣí i. Ní ilé kan, bàbá arúgbó kan bèèrè pé ṣé wọn kò ní tún fi ọ̀rọ̀ òun ṣeré. Ìyá Alágbàfọ̀ ló dá a lóhùn pé, "Èmi ni mo dúró fún un." Mẹkáníìkì kò tíì jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Mo ní mi ò dáhùn."

"Ó dáa, sà. Mo ti kọ ọ́ pé ẹ kọ̀."

"O kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Pé mo kọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa," ni Mẹkáníìkì wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Òótọ́ nìyẹn."

Bó bá ti kúrò nídìí ilẹ̀kùn, á sáré lọ wo Kékeré, á tún sáré padà. Kò kọrin. Kíákíá rí i lójú ọ̀nà, ó fẹ́ bá a ṣàwàdà, ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe wú, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilé kan ló kù: kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ń wo ara ògiri, wọ́n ń ka nọ́ńbà tó ti ń parẹ́, wọ́n gba kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé Mẹkáníìkì, wọ́n sì bá a.

Ògiri mẹ́ta ni. Ìkẹrin ti wó. Koríko ga dé orókùn níbi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀, alángbá kan sì ń yá oòrùn lórí fèrèsé. Ibí ni ó ti kọ ọ́ pé ènìyàn mẹ́fà ń mu omi ẹ̀rọ. Ìbákà pe àgò lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe yẹ ní gbogbo ilé. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó mú báírò, ó kọ ohun tó rí.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni wọ́n dé ilé iṣẹ́ omi. Bàbá onírungbọ̀n funfun ni ọ̀gá ibẹ̀, fáìlì yí i ká bí ìbòjú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìbákà délẹ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ìwé rẹ wá ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní inú àdúgbò yín dùn. Ìwọ náà wá lónìí, o ní ẹ ń kú. Èwo ni kí n gbà?"

"Mi ò lè sọ fún yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́, sà," ni Ìbákà wí. "Ẹ kàn bá mi wò ó."

Ọ̀gá náà fa ìwé àkọ́kọ́ yọ, ó ń ṣí i lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rín ẹ̀rín tí kò dùn. "Ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ènìyàn mẹ́fà. Èmi fúnra mi ni mo kó páìpù àtijọ́ sínú ilé yẹn lọ́dún tó kọjá, kí ògiri rẹ̀ tó wó. Àròpọ̀ ni mo kà, mi ò ka ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀." Ó na ọwọ́. "Mú tuntun wá."

Kò wo àròpọ̀. Kò wo ilé kìíní. Ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló ṣí sí tààrà, ó sì kà á sókè:

"'Mo pe àgò. Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ògiri kan ti wó. Koríko àti alángbá ni mo rí.'"

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní òótọ́. Ilé kan ṣófo, ọ̀kan kọ̀. Nínú méjìdínlọ́gbọ̀n tó dáhùn, mẹ́tàlélógún mu omi kànga lánàá; mẹ́tàdínlógún ní ẹni tó yàgbẹ́ gbuuru lóṣù yẹn.

"Tó bá jẹ́ pé èyí lo kọ́kọ́ gbé wá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ bá jẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti já páìpù ti àdúgbò àkọ́kọ́ sílẹ̀, mi ò lè kó o. Ẹ̀yin lẹ máa ṣìkejì. Oṣù méje lẹ́yìn wọn. Lọ́la, a ó wá da oògùn sínú kànga yẹn."

Oṣù méje. Ìbákà kà á lọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà. Iye tí irọ́ ọ̀sán kan ná àdúgbò rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní fi èyíkéyìí nínú rẹ̀ sùn: láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì títí omi fi dé, òun ló ń pọnmi láti àdúgbò kejì fún Kékeré àti fún bàbá arúgbó tó bèèrè ìbéèrè yẹn. Ní ọjọ́ Ajé, Kíákíá gba ìwé rédíò rẹ̀ padà lọ́wọ́ Tíṣà. Ó ní òun fẹ́ lọ bi wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà mí, ìwádìí kì í ṣe báírò àti bébà. Ènìyàn ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì kọ ohun tí kò rí, omi ẹlòmíràn ló ń dà nù. Bó bá ṣófo, ẹ kọ ọ́ pé ó ṣófo. Òtítọ́ tó ṣófo wúlò ju irọ́ tó kún lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ìbákà dé ẹnu ọ̀nà yàrá ilé ìwòsàn, kò lè wọlé. Ẹ̀rù ohun tó lè bá nínú ibẹ̀ ń bà á. Ó fi orí ti férémù ilẹ̀kùn, ó ṣe é bí ẹni tó ń pe àgò, orin náà sì jáde fúnra rẹ̀:

"Ta ló wà nílé o?"

Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sì tún pẹ́ sí i, kí ohùn kan tó jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.

"Èmi ni."